Fáìlì Ràṣídátù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ mọ̀ mí ní ẹni tí kì í tètè sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ àdúrà yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé ohun tí mo rí yẹ̀wò. Mo bi ara mi bóyá ebi ààwẹ̀ ló fà á. Ó lè jẹ́ ebi. N kò lè búra. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe kí n tó sùn kì í ṣe àlá.

Ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ ní yunifásítì ìjọ wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ń wá olùkọ́ ìṣirò. Ìkéde wa sọ pé ẹ̀sìn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Síbẹ̀, fáìlì tí lẹ́tà àlùfáà bá wà nínú rẹ̀ nìkan la máa ń gbé lọ fún ìgbìmọ̀. Àwọn yòókù, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ máa jókòó, mo ka fáìlì obìnrin kan, Ràṣídátù. Kò sí ẹni tó tó o nínú gbogbo wọn. Mo mú un lọ bá ọ̀gá mi, Màmá Fẹlísíà.

"Lẹ́tà Fada rẹ̀ dà?"

"Mùsùlùmí ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí Lèmọ́mù wá bá a kọ ọ́ ni? Jọ̀ọ́, gbé e síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà."

Mo gbé e síbẹ̀.

Lọ́sàn-án, mo ka rósárì tán ní ilé àdúrà kékeré, oorun sì gbé mi lọ lórí bẹ́ǹṣì. Baba katikíìsì tó kọ́ mi ní àdúrà ní kékeré, tí a ti sin tipẹ́, fọwọ́ kàn mí léjìká. "Dìde," ni wọ́n wí, "ká lọ."

A dé ibi ìlà gígùn kan, ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná bí agbada gàrí. Fèrèsé irin wà níwájú. Ohùn kan ń béèrè láti inú rẹ̀ pé, "Lẹ́tà dà?" Ẹni tó bá na tirẹ̀, ìwé náà á gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, á ké, á tún padà sẹ́yìn ìlà. Àlùfáà kan wà níbẹ̀ tí iná ti jẹ ahọ́n rẹ̀.

"Ó kọ̀wé pé òun mọ àwọn tí òun kò rí rí," ni Baba wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń wọ́ ibùsùn irin pípọ́n lẹ́yìn. "Orí ibùsùn yẹn ló ti ń fún àwọn obìnrin níṣẹ́," ni Baba wí.

Ní òdìkejì odò kan, obìnrin kan jókòó lábẹ́ igi, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Baba ní ọ̀gá ilé ìwé ni. Ó fún àjèjì ní ipò tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wá, ẹbí kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Mo bẹ̀ pé kí n dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń retí rẹ."

Nígbà náà ni mo rí àwọn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tò lọ bí ibojì, àwọn ènìyàn ń gbá ilẹ̀kùn láti inú, ọ̀kan ṣí sílẹ̀, ó ṣófo, ẹsẹ̀ mi sì ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, mo ní Baba, èmi kọ́, Màmá Fẹlísíà ni, wọ́n ní kí n gbé e, mo kàn gbé e ni, ooru ń bọ̀, mo kàn gbé e ni, Baba!

"Ìwọ lo kà á," ni Baba wí. Wọn kò wò mí.

Mo jí. Mo sáré mú fáìlì náà tọ Fada tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ lọ. Wọ́n kà á tán lórí ìdúró.

"Kí ló dé tí o kò mú un wá láàárọ̀? A ti fọwọ́ sí ti ẹlòmíràn, ó sì ti gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ lọ."

Mo lọ sílé Ràṣídátù, mo jẹ́wọ́ fún un. Ìbéèrè kan ló bi mí.

"Àǹtí, ṣé ẹ kà á kí ẹ tó gbé e pamọ́?"

"Mo kà á."

"Ó dáa." Ó padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀.

Ẹ̀yin ará, bóyá ọ̀run ni mo rí o, bóyá ebi ni o, ẹ gbọ́ mi. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe láàárọ̀, ẹ má dúró de ìran ọ̀sán.