Ojú Ìwé Tí Kò Sí Nínú Ìwé Náà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ yín ná. Ìyá Odile, ìwọ náà, fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ lòní, mo sì mọ̀ pé ẹ ń retí kí n ṣí ìwé, ṣùgbọ́n mi ò mú ìwé kankan wá. Ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ mí nínú láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni mo mú wá. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, màá tún ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sì ní agbára rẹ̀ mọ́. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bí ẹ bá dá a mọ́ mi lẹ́nu, màá sọ ọ́ di ẹ̀rín, ẹ mọ̀ mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú wa kò mọ bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú láìfi ọmọ kankan sílẹ̀ fún mi, iṣẹ́ olùkọ́ àti ìwé kíkà nìkan ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Ìyá Odile ló ní kí n máa wá sílé òun níbí ní Tokpota, níbi tí àwa obìnrin ìjọ Mẹ́tódíìsì ti ń ránṣọ pọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, kí n máa ka ìwé Faransé fún wọn ní Nàgó. Màá fi ojú ka ìpínrọ̀ kan, màá sì fi ẹnu wa sọ ọ́. Bí ìwé bá parí, wọ́n á ní, "Tántì Esther, kí lẹ rí sí i?" Èmi náà á wá gbé àga ìdájọ́ kalẹ̀. Ológun kan wà tó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀. Mo ní ẹni tí kò ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo láti kékeré títí ó fi darúgbó, kò rántí dáadáa ni. Ọmọbìnrin Párísì kan wà tó sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin nítorí ọkùnrin tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní bó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ ni, ẹkún yẹn ì bá ti tán ní orí kejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìwé nọ́ọ̀sì kan tó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kú, mo ní òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo kà lọ́dún yẹn, torí pé kò fi kún un, kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo bá ní ó dára, ó dára nìyẹn. Èyí tí mo bá bu ẹnu àtẹ́ lù, kò sẹ́ni tó tún máa dárúkọ rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ tí àwọn tó ń gbọ́ mi kò mọ̀. Bíbélì àti ìwé orin ni ọ̀pọ̀ yín fi mọ ìwé. Lójú yín, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ìwé, ẹnì kan ti fojú rí i, ó wá ń jẹ́rìí sí i ni. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìwé ológun àti ti nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ kà, tí ẹni tó kọ wọ́n jẹ́ ẹni tó ni ayé náà, ẹ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìwé rí. Mi ò sọ fún yín rí pé àwọn Faransé ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní rọmáàn, tó jẹ́ pé ńṣe ni ẹnì kan jókòó sílé rẹ̀ tó fi orí ara rẹ̀ hun ún. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní fetí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà yẹn, lọ́dún kejì òmìnira, Augustin, ọkọ Ìyá Odile, wà ní Pointe-Noire, ìlú òkèèrè kan létí òkun, ó ń ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní èbúté. Odile ṣì kéré, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ló máa ń jókòó sí tí mo bá ń kàwé. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Odile, tí mo ń pè ní Ìyádùnní nígbà yẹn, wá fi ayọ̀ sọ fún wa pé Augustin ti rí yàrá, ó ní kí òun àti ọmọ wá bá òun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Èmi náà fi ẹnu yọ̀. Mo rò ó pé bó bá lọ, wọ́n á ti ilé yìí pa, àwa tó ń ránṣọ á túká, ọmọ tó ń jókòó tì mí á lọ, èmi á wá máa padà sí ilé tí kò sẹ́ni tó ń retí mi. Owú ni, ẹ jẹ́ kí n pè é bó ṣe jẹ́. Mo jowú pé ó ní ẹni tó ní kó máa bọ̀.

Rọmáàn tó wà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀yin àgbà á rántí rẹ̀: obìnrin kan wọ ọkọ̀ òkun lọ bá ọkọ rẹ̀ ní erékùṣù kan. Ìwé náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó kọ ọ́ kò lè rí ojú ọ̀run kó má sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n òpin rẹ̀ dára gan-an. Ọkọ obìnrin náà ti ń dúró dè é ní èbúté láti àárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé orí àpótí ló sùn sí, ìyàwó rẹ̀ ló jí i. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ohun tí mo kà fún yín kọ́ nìyẹn. Mo dé ojú ìwé yẹn, mo rí Ìyádùnní tó tẹjú mọ́ mi, ni ẹnu mi bá yà síbòmíràn. Mo ní kò sẹ́ni tó dúró de obìnrin náà. Mo ní ó béèrè ilé ọkọ rẹ̀ kiri títí ó fi rí i, obìnrin mìíràn ló sì ṣílẹ̀kùn fún un, tòun ti oyún nínú. Mo ń sọ ọ́, mo sì ń ṣí ìwé bí ẹni tó ń kà. Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, Ìyádùnní bi mí pé, "Tántì, ṣé ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí lóòótọ́?" Mo fi ìka lé orúkọ tó wà níwájú ìwé náà, mo ní, "Orúkọ rẹ̀ nìyí." Orúkọ ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Ìyádùnní kò mọ Faransé kà.

Kò lọ mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Augustin pé òun ò wá. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ wálé. Ìyádùnní ń wò ó bí àlejò, ó ń bi í lójoojúmọ́ pé ta ló ń se oúnjẹ fún un lọ́hùn-ún. Augustin wá bá mi nílé, ó jókòó sórí àga tí òun fúnra rẹ̀ kàn fún ọkọ mi láyé ọjọ́un, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Tántì, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ̀yin ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò lẹ́nì kankan lọ́hùn-ún." Mo ní, "Máa lọ, Augustin, màá bá a sọ̀rọ̀." Mo sì bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo sọ fún un pé nínú ìwé yẹn, bí ọkùnrin náà ṣe ń rán àwọn àgbà sí ìyàwó rẹ̀ nìyẹn kó tó tàn án lọ. Ìyẹn náà kò sí nínú ìwé. Augustin dá nìkan padà.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù. A ò tíì débẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìtì igi já lórí ẹ̀rọ tó ń gbé e sínú ọkọ̀, ó bọ́ lu Augustin, ó sì kú. Saïbou, ará Adjarra tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló mú ìròyìn wá. Ìyádùnní ti lọ sọ́jà, èmi ló bá nílé yìí. Ó ròyìn ikú náà fún mi tán, ó wá ní, "Màmá, ohun tó dùn mí jù ni pé ńṣe ló ń dá gbé. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó fẹ́yàwó, á ní ìyàwó òun ń bọ̀. Ó kan ibùsùn kan sílẹ̀ dè é. Kò sùn lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, orí ẹní ló ń sùn." Àyè ìjẹ́wọ́ ṣí sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn gbayawu. Mo wo ojú Saïbou, mo ní, "Má sọ ti ibùsùn yẹn fún ìyàwó rẹ̀ o. Ìbànújẹ́ á pa á. Sọ ti ikú nìkan." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo láàánú. Ìyádùnní dé, ó gbọ́, kò sunkún. Ó ní kí obìnrin tó wà lọ́hùn-ún sunkún ọkọ rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Tántì, ìwé yín ló yọ mí." Mo ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu mi jáde. Mo tún fi orúkọ Ọlọ́run sí i.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó pẹ̀lú yín. Ẹ rántí ìwé tí mo mú wá lóṣù tó kọjá, ti ọkùnrin kan tó sá fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun. Ẹ bi mí ohun tí mo rí sí i, mo ní kò dùn, kò yẹ kí a fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Irọ́ ni. Mi ò kà á tán. Mo kà á dé ibi tó ti lọ kan ilẹ̀kùn ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti sọ òtítọ́, mo pa á dé.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìjọba ti gbé Théophile, àfẹ́sọ́nà Odile tó jẹ́ olùkọ́, lọ sí Natitingou, lọ́nà jíjìn ní ìhà àríwá, ó sì fẹ́ kí Odile bá òun lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ìyá Odile wá bá mi, ó ní, "Tántì, ẹ bá mi ka ìwé obìnrin erékùṣù yẹn fún ọmọ yìí, kó lè gbọ́n bí mo ṣe gbọ́n." Mo ní màá wá a. Mi ò rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Odile, bàbá rẹ kò ní ilé méjì. Bí ọkàn rẹ bá fẹ́ Natitingou, máa lọ, má tìtorí ohun tí mo hun jókòó. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ẹ kọ́ Faransé náà dójú àmì, kí ẹ lè máa fi ojú ara yín kàwé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka ayé yín fún yín, pàápàá ẹni tí ẹ fẹ́ràn ohùn rẹ̀.

Ìyádùnní, mò ń bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá ní kí n má tẹ ilé yìí mọ́, mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sí Adjarra lánàá. Saïbou ló jókòó sí ìta yẹn, mo ní kó wá sọ ohun tí mo ní kó má sọ. Má gbà á gbọ́ lẹ́nu tèmi, jáde lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sunkún ọkọ rẹ. Kò sí obìnrin kankan lọ́hùn-ún tó bá ọ sunkún rẹ̀.