Kókó Tí Mo Ti Ìlú Òyìnbó Wá Ta

Adájọ́ ti pàṣẹ pé kí wọ́n yẹgi fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti gbà mí kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ má sunkún mi o. Inú mi ń dùn nínú yàrá ẹ̀wọ̀n yìí. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ìlàjẹ ni bàbá mi, apẹja ni. Abúlé kan létí ọ̀sà, nítòsí Èbúté Ìkòròdú, ni wọ́n bí mi sí. Mo ti ń hun àwọ̀n kí n tó mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ni ọkàn mi fẹ́. Mo bá bàbá kan ṣiṣẹ́ tí ó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí ń kó èrò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ń wa ọ̀kan, Lámídì ń wa èkejì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Lámídì, àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó bá ọba wọn sá kúrò ní Èkó. Àlá kan náà ni àwa méjèèjì ń lá: kí a lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Ìlú Òyìnbó.

Lọ́jọ́ kan Bàbá Ọlọ́kọ̀ pè wá. “Ẹ̀yin méjèèjì ń dà mí láàmú ju àwọn ìyàwó mi lọ. Ẹnì kan ni apá mi ká láti rán lọ. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ni yóò lọ.”

Lámídì nàka sí mi. “Ọmọ Ìlàjẹ, lọ máa pa ẹja rẹ jàre! Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àwọ̀n.”

“Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́,” ni mo fi dá a lóhùn, “ẹnu lẹ fi ń tukọ̀.”

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọkọ̀ tirẹ̀ yára ju tèmi lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ó tó dé, mo yọ́ wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Omi ọ̀sà ni ẹ́ńjìnnì wa ń fà láti fi tu ara rẹ̀ lára. Bí kò bá rí omi fà, yóò gbóná, yóò sì kú. Mo mú àkísà kan nílẹ̀, mo ta á ní kókó, mo fi dí ibi tí omi ń gbà wọlé. Kí ó ṣáà pẹ́ dé ni mo fẹ́. Ṣé ẹ rí i bí ìdẹwò ṣe kéré tó? Àkísà kan péré.

Ẹ gbọ́ ibi tí ó ti burú. Bí èrò ṣe ń wọkọ̀, mo rí Bàbá Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ tí ó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀ Lámídì. Ó juwọ́ sí mi. “Máa tẹ̀lé wa bí o bá lè!” Mo la ẹnu, mo sì tún pa á dé. Òjò ti ṣú lórí ọ̀sà. Mo rí ìyẹn náà.

Àárín omi ni ẹ́ńjìnnì náà kú sí. Ìjì dé, ó yí ọkọ̀ dà. Àwọn apẹja yọ Lámídì àti gbogbo èrò, àfi Bàbá tí omi gbé lọ. Èmi gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ láìrí ìyọnu kankan.

Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ náà sókè, wọ́n bá àkísà nínú rẹ̀. Lára dàńṣíkí Iléyá Lámídì ni ó ti gé e láti máa fi nu epo lọ́wọ́, gbogbo Èbúté ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ó ti pariwo ní gbangba rí pé Bàbá fẹ́ràn mi ju òun lọ. Wọ́n ní torí ìbínú yẹn ni ó ṣe mọ̀ọ́mọ̀ pa Bàbá. Ọlọ́pàá mú un. Àwọn ọmọ Bàbá sì mú ìlérí baba wọn ṣẹ: wọ́n rán mi lọ.

Ní Ìlú Òyìnbó, ilẹ̀kùn tí mo bá kàn ni wọ́n ń tì mọ́ mi lójú nítorí àwọ̀ mi. Mo ń kàwé, mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun, òtútù ń wọ̀ mí dé eegun. Síbẹ̀, nígbà tí ìdánwò dé, èmi àlejò ni mo gbégbá orókè. Àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kan dé láti Ẹ̀pẹ́. A jọ ń jẹun ni ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì gbọ́ ni? Wọ́n ti dájọ́ ikú fún Lámídì. Ó ku kí àwọn adájọ́ àgbà fọwọ́ sí i.”

Mo dìde nídìí oúnjẹ. Ọkọ̀ òkun tí ó kọ́kọ́ ń bọ̀ nílé ni mo wọ̀.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá ọlọ́pàá ní Ìkòròdú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ṣé orí rẹ pé? Ìlú Òyìnbó lo wà, o wá ń bẹ̀bẹ̀ fún okùn?”

“Ẹ gbé àkísà yẹn wá, sà. Ẹ wo kókó tó wà lára rẹ̀.”

Ní kóòtù, wọ́n ní kí Lámídì ta irú kókó náà. Ó gbìyànjú títí, ṣe ló ń so ó bí ẹni ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Kókó àwọ̀n àwa Ìlàjẹ ni. Lọ́jọ́ ọjà yẹn, ọwọ́ mi ló ta á láìjẹ́ pé mo rò ó. Mo di ojú mi méjèèjì, mo ta á níwájú adájọ́. Ìyá Lámídì ló kọ́kọ́ ké: “Alihamdulilahi!”

Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n dá ẹjọ́ náà lé mi lórí. Mo jáwé olúborí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìdánwò lọ.

Lámídì wá wò mí lẹ́wọ̀n. “N ò mọ̀ bóyá kí n gbá ọ létí ni àbí kí n dì mọ́ ọ.”

“Fi ìgbátí yẹn pamọ́ ná. Bí o bá di ẹnjiníà tán, wá gbá mi ní sàréè.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, títí wọ́dà fi jágbe mọ́ wa. Àwọn ọmọ Bàbá ti fún un ní àyè mi. Mo sọ fún un pé kí ó ra aṣọ òtútù tó nípọn, àti pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ó kan èyí tó tẹ̀lé e. Lóṣù yìí ni ó wọkọ̀ lọ. Ẹ bá mi yọ̀!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ má tẹ̀lé ọ̀nà mi. N kò ní kí ẹ má lọ sókè òkun. Ẹ lọ, ẹ kọ́ṣẹ́, ẹ padà wá tún ilé ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kejì yín bá yára jù yín lọ, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ níwájú. Ìlú Òyìnbó kò níí sá lọ.