Wáyà Tí Jọláolúwa Gé

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí Jọláolúwa Ògúnsànyà gbé mì fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò dà nínú rẹ̀. Ó há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 2007, ó jókòó ti Wùnmí ìyàwó rẹ̀ ní Ìgbògbò, ó ní òun ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, òun kò sì mọ̀ bóyá ilé ni òun máa sùn lónìí tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ohun tí ó sọ nìyí, kò sì bu iyọ̀ sí i.

Ní ọdún 2004, òun ni ó ń ta jìtá ní ìjọ wọn, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Ẹ̀pẹ́. Ó wù ú láti gba orin tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni Wùnmí, iṣẹ́ alẹ́ ni ó ń ṣe, ọ̀sán ni ó ń sùn. Bí ó bá gbé máìkì síwájú áńpílífáyà tí ó sì ta jìtá sí i, gbogbo ilé ni yóò jí. Adélàjà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Benson ní Ìkòròdú, wá kọ́ ọ pé kí ó má lo máìkì rárá. Kí ó fa wáyà láti ara áńpílífáyà wọ inú kọ̀ǹpútà tààrà. Orin á wọlé síbẹ̀, yàrá á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Jọláolúwa yá áńpílífáyà ìjọ lọ sílé láìtọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yíyá kọ́, ó ní. Jíjí ni.

Orin wọlé lóòótọ́, àmọ́ ariwo kan ń hùn lábẹ́ rẹ̀ bí agbọ́n. Adélàjà ní wáyà ẹ́ẹ̀tì ni ó ń fà á, wáyà kẹta inú púlọ́ọ̀gì, èyí tí ó ń kó iná tó bá yà sára irin lọ sínú ilẹ̀ kí ó má baà gbé èèyàn. Ó ní kí ó gé e, ṣùgbọ́n kí ó so ó padà tó bá ti parí. Jọláolúwa gé e. Ariwo náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ta jìtá lẹ́bàá ìyàwó rẹ̀ tí ó ń sùn, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ọmọdé.

Ní ọjọ́ Sátidé, awakọ̀ ìjọ dé ilé rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ láti gbé jìtá. Wọ́n ń gbé àwọn ohun èlò lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ìsìn ọdún. Ó rántí wáyà náà. Bí ó bá sọ pé kí wọ́n dúró, wọn yóò bi í pé ta ló ní kí ó tú ohun ìní ìjọ. Ó ní lẹ́yìn ìsìn ni òun yóò so ó. Ó gbé e sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Olúwatómisìn ni yóò kọrin lọ́jọ́ kejì, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní abúlé kan létí ọ̀sà. Jọláolúwa ló kọ́ ọ ní jìtá, òun náà ló sì gbé jìtá kọ́ ọ lọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Áńpílífáyà náà ti gbó, iná ti ń yà sí irin rẹ̀ títí dé ara jìtá, kò sì sí ohun tí yóò kó o lọ sínú ilẹ̀ mọ́. Ọmọ náà fọwọ́ òsì di okùn onírin jìtá mú, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí máìkì kí ó fà á súnmọ́ ẹnu. Iná gbé e. Ọwọ́ méjèèjì kò tú. Nígbà tí ẹnìkan fi máa pa iná, ó ti ṣubú.

Jọláolúwa ní gbogbo èèyàn ló sáré gbé ọmọ náà jáde, òun nìkan ni kò bá wọn gbé e. Ó fi ọ̀bẹ tú púlọ́ọ̀gì, ó sì so wáyà náà padà, ó ń gbọ́ igbe ìyá ọmọ náà níta. Ìgbà tí ó jáde, ọkọ̀ ti lọ. Olúwatómisìn kò dé ilé ìwòsàn láàyè.

Àwọn àgbà ìjọ pe oníná kan láti ìta kí ó yẹ áńpílífáyà wò. Ó ní wáyà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Wọ́n bá yíjú sí Bàbá Adéòjó, oníná ará Ìkòròdú tí ó so iná ilé ìjọ náà. Wọ́n bi Jọláolúwa ohun tí ó rí. Ó ní iná ilé yẹn ti ń ṣe òun bákan tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí ó pe Bàbá Adéòjó síṣẹ́ mọ́. Jọláolúwa ní tirẹ̀, bí iná bá dé tí àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, òógùn ni yóò bò ó.

Ì bá fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí ó fi kú, bí kò bá jẹ́ pé Bàbá Adéòjó wá bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rù, ó ń fọ̀pá rìn. “Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀,” ni bàbá náà wí. “Ó ní láti jẹ́ pé mo so wáyà kan lódì. Ìwọ lo mọ̀ wọ́n, Jọlá. Mú mi lọ bẹ ìyá ọmọ yẹn kí n tó kú.”

Nígbà tí Jọláolúwa sọ ọ́ tán, Wùnmí dìde, ó bá ọkọ rẹ̀ mú bàtà wá.

Nígbà tí òun àti Bàbá Adéòjó dé ọ̀dọ̀ ìyá Olúwatómisìn, bàbá náà ti ń gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ kí Jọláolúwa tó mú un lápá. Jọláolúwa fúnra rẹ̀ wá dojú bolẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kọ̀ǹpútà dé orí irọ́. Ìyá Olúwatómisìn gbọ́ ọ tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi í.

“Nígbà tí mò ń ké kí wọ́n bá mi gbé ọmọ mi, níbo lo wà?”

“Mo wà nínú ilé, mà. Mò ń so wáyà.”

Ìyá náà yíjú sí Bàbá Adéòjó, ó fà á sórí àga. “Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ ò ṣẹ̀ mí.” Bàbá náà ń wo Jọláolúwa nílẹ̀. Ó bi í bóyá ó dá a lójú pé kì í ṣe wáyà tí òun so ló pa ọmọ náà. Ó tún bi í. Ìgbà kẹta ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Jọláolúwa dúró níwájú ìjọ ní Ẹ̀pẹ́, ó sì tún un sọ. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fi òun ṣe tọ́ sí òun. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ dá orúkọ Bàbá Adéòjó padà fún un. Ó wá kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó lẹ́yìn, ó ní bí ọwọ́ yín bá ṣe ohun tí ó pa èèyàn lára, ẹ fi ọwọ́ náà gbé ẹni tó ṣubú, kí ẹ tó ronú ohun tí ẹ máa fi pamọ́. Ó bojú wo ìlà iwájú, níbi tí ìyá Olúwatómisìn jókòó sí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dárí jì mí.” Ìyá náà ń wò ó.