Bọ́ọ̀sì Mínà Ló Gbé Mi Dé Kàdúná

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn yín sókè díẹ̀ sí i, torí pé ibi tí Ó ti gbọ́ ohùn tèmi jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́dá níbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé èmi Ìyá Bọ́lá ni mò ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ yìí. Ẹni tí tirẹ̀ bá fún un níkùn, kó dákẹ́ jàre, oúnjẹ ló pọ̀. Ẹ sì mọ Bọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, tó máa ń bá mi gán bọ́tìnì. Ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Kàdúná, ó sì mú un lọ.

Ẹ̀yin ará, àárò ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, mi ò fojú kàn án mọ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ múra àtilọ, epo wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ mi wú. Bí mo bá dáná, oúnjẹ ẹni méjì ni ọwọ́ mi ṣì ń wọ̀n, màá wá jókòó ti ìyókù. Nírọ̀lẹ́, bí àwọn ọmọbìnrin bá ń ti ìdí ẹ̀rọ omi bọ̀, màá gbójú sókè lórí máṣíìnì, màá máa wá Bọ́lá láàárín wọn. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Màá ṣáà máa wò ni.

Ọjọ́ kan ni ẹnì kan láti ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wá sí Èkó, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní Bọ́lá ti bí obìnrin, ọ̀túnla sì ni ìsọmọlórúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn. Mo jó jáde dé títì! Ó ní Bọ́lá ní kí wọ́n sọ fún mi pé bí màmá òun kò bá dé, ẹnikẹ́ni kò ní sọ ọmọ náà lórúkọ.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí, mo ti wà ní Ìyànà Ìpájà. Mo ti ra kàn-ìn-kàn-ìn, mo ra ọṣẹ dúdú, mo ra àdí, torí ta ni yóò wẹ ọmọ ọ̀hún bí kò ṣe ìyá ìyá rẹ̀? Bọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú ni mo wọ̀, àwọn gbọọrọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ ẹ́síprẹ́ẹ̀sì sí lára. Síìtì rẹ̀ le bíi pákó, ṣùgbọ́n kì í dúró kó èrò káàkiri. Ẹ sì mọ àṣà wa, a kì í ká sùtánà mọ́ àárín bàtà àti ẹrù oúnjẹ. Mo bá gbé tèmi kọ́ sójú wíńdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìtì mi, funfun báláú. Inú mi dùn pé ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀sì láti ìta á mọ̀ pé ọmọ Ọlọ́run jókòó síbẹ̀. Fáàrí díẹ̀ wà níbẹ̀, àbí?

Nígbà tí a dé Mókwà lọ́sàn-án, dẹ́rẹ́bà ní ká sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Bọ́ọ̀sì mìíràn irú tiwa gan-an ti wà ní ìdúró níbẹ̀, àwọ̀ kan náà, ìkọ̀wé kan náà. Mo jẹun tán, mo gbójú sókè, mo rí sùtánà lójú wíńdò. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo wọlé, mo jókòó, mo gbé orí lé sùtánà, oorun gbé mi lọ. Èmi tí mò ń rán sùtánà láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ mi ló rán èyí!

Ìgbà tí mo lajú, obìnrin àgbà kan ló jókòó tì mí, ó ń wò mí tàánútàánú.

"Ẹ kú oorun o, ìyá. Ṣé Mókwà lẹ ti wọlé ni?"

"Mókwà kẹ̀? Ìyànà Ìpájà ni. Ọmọ mi ni mò ń lọ bá ní Kàdúná."

"Yéè! Mínà ni bọ́ọ̀sì yìí ń lọ o! A ti kọjá Bídà. Sùtánà mi sì ni ẹ gbé orí lé yẹn."

Ẹ̀yin ará, mo ké! Mo lu síìtì iwájú, mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró kí n bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, inú igbó nìyí, ta ni màá fi yín lé lọ́wọ́?" Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mo bú u. Ẹrù mi ti wà nínú bọ́ọ̀sì kejì, ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, ìlú tí mi ò mọ ẹnì kankan ni mò ń lọ. Ẹrù kọ́ ló sì dùn mí jù. Bọ́lá ni mò ń rí lójú ọkàn mi, tó gbé ọmọ dání, tó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Sàmúẹ́lì ni wọ́n ń pe obìnrin náà, ọmọ ìjọ wa ni ní Mínà. Kò fi mí ṣẹ̀sín rárá. Ó bọ́ bàtà nínú mọ́tò, ó fi sùtánà rẹ̀ bò mí lórí, ó gbàdúrà títí gbogbo bọ́ọ̀sì fi ń ṣe àmín. Tèmi kò gùn. Mo ní: Olúwa, má jẹ́ kí ọmọ mi wo ọ̀nà mi tì.

Ilé rẹ̀ ni mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ó gbé sùtánà yẹn wọ̀ mí torí aṣọ ara mi ti dọ̀tí, ó sì mú mi lọ wọ ọkọ̀ Kàdúná. Sùtánà náà gùn jù mí lọ, mo ń ká a sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Bí mo sì ti wọ̀ ọ́, bàtà di èèwọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi wọ Kàdúná. Mo béèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aṣọ títí mo fi rí i. Oòrùn ti ga. Mo ti ń sọ fún ara mi pé wọ́n á ti ṣe é tán.

Ìta ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn àlùfáà wọn: "Bọ́lá, àwọn èèyàn ti jókòó pẹ́. Ìyá rẹ á dé, ó kàn lè má jẹ́ òní ni."

Mo wá gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ohùn tí mo ti ń wá káàkiri Ẹ̀gbẹ́dá láti ọjọ́ yìí wá! Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kọ orin kan sí i."

Mi ò dúró pè é láti ìta. Mo kàn wọlé ni, tèmi ti sùtánà gbọọrọ. Bọ́lá sọ pé "Màámi!", ó sì di ẹkún. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ ní Ìtùnú.

Ẹ tún gbọ́ èyí o. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ Bọ́lá lọ wo gáréèjì bóyá á rí ẹrù mi. Ìgbà náà ni bọ́ọ̀sì tí mo sanwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé! Tírélà ti ṣubú dí ọ̀nà mọ́ wọn, ojú títì ni wọ́n sùn. Bí mo bá wà nínú rẹ̀, gbogbo orin ọmọ mi ì bá ti tán kí n tó dé. Ẹ pa halelúyà!

Mo wẹ Ìtùnú láràárọ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí mi. Ìkórè wá kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ yín ń dúró dè mí, mo padà wálé. Ìró tí mo fi ń pọ̀n ọ́n wà nínú yàrá, mi ò tíì fọ̀ ọ́. Òórùn ọmọ náà ṣì wà lára rẹ̀, àmọ́ ó ń dín kù lójoojúmọ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí ọ̀nà tún là fún mi, kí Ìtùnú tó gbàgbé ọwọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni mo bá wá. Ògo ni fún Ẹni tó fi bọ́ọ̀sì tó ṣìnà mú mi dé ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣàárò ẹnì kan, ẹ dìde, ẹ bá mi jó. Ẹ má wò ó pé omi ń dà lójú mi. Ijó náà ni mò ń jó.