Èdè Tí Kò Láyè Fún Àgbà

Nínú mọ́tò Ìkìrun sí Òkukù, ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé fún àǹtí rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, pé òun ń ṣẹ̀dá èdè tuntun fún géèmù orí fóònù.

"Àǹtí, nínú èdè yìí, 'ó' tí wọ́n ń lò fún ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Igi àti òkúta náà ní tiwọn."

"Àgbàlagbà ńkọ́?"

"Kò sí ìyẹn níbẹ̀. 'Ìwọ' ni gbogbo èèyàn."

"O ríbi fi òkúta sí, o ò ríbi fi bàbá rẹ sí."

"Ẹ má bínú, Àǹtí, irú nǹkan báyìí ló ń fà wá sẹ́yìn. Gbogbo wa la dọ́gba."

"Mo ti gbọ́."

A ò tíì dé Ìnísà tí fóònù ọ̀dọ́kùnrin náà fi dún. Bàbá ọmọ tó fẹ́ fi ṣaya ló ń pè. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ba títí orí rẹ̀ fi kan àga iwájú. "Ẹ káàárọ̀ sà. Màmá ńkọ́ sà? Ṣé wọ́n sùn dáadáa?"

Àǹtí rẹ̀ jẹ́ kó parí.

"Kí ló dé tí o ò bá ọkùnrin yẹn sọ èdè rẹ?"