Ìbéèrè Tí Sífáwù Bi Mí

Bùkọ́lá, jókòó, gbọ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ bíi tìrẹ yìí, nọ́ọ̀sì ni èmi náà, ní Ẹ̀pẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo ń fún àwọn ọmọdé. Lónìí, ẹ̀yin jókòó n'Ìkòròdú níbí, fáànù ń fẹ́ yín. Àwa, ọkọ̀ ojú omi la máa ń wọ̀ lọ bá àwọn apẹja lábúlé, àpótí yìnyín tá a kó abẹ́rẹ́ sí á wà lórí itan wa…

Lọ́jọ́ kan, ó kan obìnrin kan tó ń yan ẹja, Sífáwù lorúkọ rẹ̀. Kò gbé ọmọ rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ọmọ tiyín ńkọ́? Ṣé ó ti gba ti èéyi?"

Bàbá rẹ ni ọmọ yẹn. Ó ti pé oṣù mẹ́wàá, kò tíì gbà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gba abẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ méjì, ni ìyá mi bá ní, "Máa gún ọmọ ọlọ́mọ, fi tèmi sílẹ̀." Nọ́ọ̀sì ni mí o, mo mọ ohun tí ìwé wí… ẹ̀rù ṣì ń ba èmi náà.

Mi ò lè parọ́. Mo ní, "Kò tíì gbà á." Làwọn kan nínú àwọn ìyá tó ń dúró bá gbé ọmọ wọn, wọ́n lọ sílé.

Sífáwù kò bú mi. Ó ní, "Ẹ gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká jọ ṣe é."

Mo sọ fún ìyá mi. Inú bí i gan-an. Nígbà tọ́jọ́ pé, mo bá a tó ti múra. Ó ní, "Bó bá ti di dandan, èmi ni màá gbé e dání."

Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ló gún un. Bàbá rẹ ké, ọmọ Sífáwù ké. Ara bàbá rẹ gbóná díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́, èéyi wọ abúlé yẹn, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́. Kò fọwọ́ kan ọmọ Sífáwù, kò fọwọ́ kan bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kú nínú àwọn tí ìyá wọn gbé lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ kí ìyá rẹ̀. Mo jókòó tì í…

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sífáwù. Ká ní kò bi mí ni, ọ̀rọ̀ ìyá mi ni ǹ bá tẹ̀ lé, bóyá n kì bá sì ní ọmọ tí yóò bí ọ.

Nígbà kòrónà, mo gbọ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kan ń gún èèyàn, àwọn fúnra wọn ń sá. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bú wọn? Àmọ́ nígbà tiwa, àwọn ìyá á wò ọ́ lójú, wọ́n á bi ọ́. Lónìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni mọ́. Nítorí náà, ọmọ mi, bí ìyá ọmọ kan bá bi ọ́, má kanra mọ́ ọn. Jókòó tì í, kó o sọ òótọ́ fún un, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń ba ìwọ náà.