Ẹ̀jẹ̀ Mi Ni Mo Fi Rọ́pò Ti Àbúrò Mi

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣépè fún mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò tilẹ̀ sọ ọ́ nínú àdúrà. Mò ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, ìpàdé ẹbí máa wáyé nínú pálọ̀ mi, wọ́n sì fẹ́ lé obìnrin kan jáde nílé ọkọ rẹ̀ nítorí àgbèrè. Kò ṣe é. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Láàbù kékeré kan ní Àgídìngbì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Oregun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, àti àwọn àfẹ́sọ́nà tí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n lọ mọ jẹnotáìpù wọn, bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AA tàbí AS. Ẹnu mi kì í dákẹ́ tí mo bá ń gba ẹ̀jẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fa ẹ̀wà tu lóko, àwọn kókó kéékèèké wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá la ọ̀kan, inú rẹ̀ pupa. Ohun tó mú un pupa àti ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ó wà lára ẹ̀wà, ó wà lára ẹja, ó wà lára ewúrẹ́, ó wà lára wa. Láti ayébáyé ló ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sí ti ọmọ. Èyí tó bá wúlò fún ẹni tó ni ín, ẹni náà á yè, á bímọ, á sì fi í sílẹ̀ fún ìran rẹ̀. Èyí tí kò bá wúlò á bá ẹni tó ni ín kú.

Mo máa ń sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ náà ni AS ṣe pọ̀ láàrin wa. Ibà ló fà á. Ọmọ tó bá jẹ́ AS, ibà kì í tètè pa á bó ṣe ń pa àwọn yòókù, nítorí náà òun ló ń dàgbà, òun ló ń bímọ. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pè mí ní Tíṣà. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Dàpọ̀ ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Àwọn òbí wa ti kú ní Èkìtì, èmi ni mo tọ́ ọ. Nígbà tó mú Bùnmi wá sílé, inú mi dùn débi pé mo sunkún. AS ni Bùnmi, ó sì ti fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dàpọ̀ kò yẹ tirẹ̀ wò rí. Ó ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la, títí wọ́n fi kéde ìgbéyàwó wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìkéde kẹta kó tó tọ̀ mí wá.

Òfin láàbù wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹbí rẹ̀. Mo ní kí ni mo ń wá ẹlòmíràn fún, èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Mo ṣe é, AS ló jáde. Mo tún un ṣe. AS náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín. Bí mo bá kọ AS, pásítọ̀ kò ní so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá mi obìnrin ló sì ń fọwọ́ sí èsì, kì í fọwọ́ sí i láìrí bébà tí a tẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà sí, èyí tó ń fi hàn bóyá AA ni tàbí AS. AA ni èmi. Mo gba ẹ̀jẹ̀ ara mi, mo kọ orúkọ Dàpọ̀ sí i, mo tẹ́ ẹ sórí bébà tuntun. Ọ̀gá mi wò ó, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀.

Mo wá fi ìmọ̀ tu ara mi nínú. Mo ní ohun tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà kò lè burú tó bí pásítọ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ẹ wo òmùgọ̀ alákọ̀wé! Ohun tí mo máa ń fò nínú àlàyé mi ni pé àwọn ọmọ kan ń jìyà kí AS tó lè pọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó gba S lọ́wọ́ bàbá tí wọ́n tún gba S lọ́wọ́ ìyá. Ibà kò mọ àánú, kò mọ orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Èmi mọ orúkọ, mo sì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ mo ṣe é.

Ìníolúwa, ọmọ wọn, ti pé ọdún méjì báyìí. Kó tó pé ọdún kan ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, tí á máa ké tí a kò ní mọ ibi tí a ó ti fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní eyín ló fẹ́ hù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eyín, mo sì dákẹ́. Lóṣù tó kọjá ni dókítà sọ pé SS ni, pé fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe é. Dàpọ̀ mú ìwé láàbù wa jáde. Dókítà ní bàbá tó jẹ́ AA kò lè bí ọmọ SS, kó jọ̀ọ́ kó tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Dàpọ̀ kò dúró gbọ́ ìdajì kejì ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀dọ̀ mi ló gbà wá tààrà. "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn fún mi," ó wí. "Kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe é fún? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa purọ́ fún mi ni? Obìnrin yẹn ti sọ mí di mùmú!"

Mo la ẹnu, mo ní kó fara balẹ̀, mo bu omi tútù fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bùnmi wá sí láàbù, ó pọn ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀. "Àǹtí, mi ò mọ ọkùnrin kankan yàtọ̀ sí àbúrò yín. Màá fi Bíbélì búra níwájú pẹpẹ. Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe. Tiyín nìkan ló ń gbọ́." Mo gbé e dìde, mo ní màá bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Títí di àsìkò yìí, mi ò tíì bá Dàpọ̀ sọ nǹkan kan.

Mo ti rò ó pé kí n pè é ní àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ló fọwọ́ sí i, òun ni wọ́n máa dì mú, obìnrin náà kò sì mọwọ́mẹsẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ mi ti lọ, bóyá ọlọ́pàá á sì wá mú mi. Ìyẹn gan-an kò bà mí lẹ́rù tó ojú tí Dàpọ̀ máa fi wò mí. Òun àti Bùnmi ló ni ẹ̀tọ́ láti pinnu, bóyá wọ́n á fẹ́ra tàbí wọn ò ní fẹ́ra. Mo gba ìpinnu náà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọlọ́mọ, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún nínú àwọn méjèèjì? Ṣé kí n dúró di ìpàdé ni, àbí kí n lọ bá wọn nísinsìnyí?

Fóònù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dún báyìí. Bùnmi ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó ní: "Àǹtí, Dàpọ̀ sọ pé ẹ̀yin lẹ máa darí ìpàdé ọ̀la. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fèsì?